Bí àìsàn ńlá bá kọlu ajá tàbí ológbò yín: láti ọjọ́ tí ẹ gbọ́ títí dé ọjọ́ ìkẹyìn

Lọ́jọ́ tí dókítà ẹran sọ fún mi pé kíndìnrín Tanímọ̀la, ajá mi, ti ń kọṣẹ́, ó tó ogún ìṣẹ́jú tó fi ṣàlàyé. Nígbà tí mo fi máa délé, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù lórí mi: kíndìnrín. Mi ò rántí orúkọ oògùn, mi ò rántí ọjọ́ tó ní ká padà wá, mi ò tilẹ̀ mọ̀ bóyá ó ní kí n fi kún omi tó ń mu ni àbí kí n dín in kù. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni ajá náà. Ó jókòó sẹ́yìn ọkọ̀, ó ń wòta bí ẹni tí nǹkan kan ò ṣe.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà a padà lọ. Dókítà bi mí pé, "Ìgbà wo ló bì kẹ́yìn?" Mo ní, "Á ti tó ọjọ́ mẹ́ta." Ìyàwó mi ní, "Àná ni. Ẹ̀ẹ̀mejì."

Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Èmi ń sunkún, mi ò ríran rárá. Ẹran ò lè fẹnu sọ ibi tó ń dùn ún, ohun tí ẹ bá fojú rí tí ẹ sì kọ sílẹ̀ ni dókítà máa fi ṣiṣẹ́. Orí ìyẹn ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ níbí dúró lé.

Lọ́dọ̀ dókítà lọ́jọ́ kìíní

Ẹ má dá lọ. Ẹni tó fẹ́ràn ẹran náà jù nínú ilé ni etí rẹ̀ máa ń di jù lọ́jọ́ yẹn. Ẹ mú ẹnì kan dání tí yóò máa gbọ́ ọ̀rọ̀ nígbà tí ọkàn tiyín bá ti lọ sórí ikú. Bí kò bá sí ẹni tó lè bá yín lọ, ẹ tọrọ àyè láti fi fóònù gba ohùn dókítà sílẹ̀. Kí ẹ sì ní kó kọ orúkọ àìsàn náà sórí ìwé fún yín, torí orúkọ tí a gbọ́ lẹ́ẹ̀kan kì í pẹ́ lórí ẹni tí àyà rẹ̀ ń já.

Àwọn ìbéèrè tí ẹ kò gbọ́dọ̀ gbàgbé láti bi í kí ẹ tó dìde:

- Ṣé ó dá yín lójú pé àìsàn yìí ni, àbí ẹ ṣì ń fura sí i? Àyẹ̀wò wo ló máa fìdí ẹ̀ múlẹ̀?
- Ìtọ́jú yìí, ṣé kó lè sàn ni, àbí kí ìnira lè dín kù kí ọjọ́ ayé rẹ̀ sì gùn sí i?
- Bí a ò bá ṣe é, kí la máa rí, báwo ló sì ṣe máa yá tó?
- Èló ni gbogbo rẹ̀, kì í ṣe ti òní nìkan? Oògùn oṣooṣù ńkọ́, àyẹ̀wò tí a máa tún ṣe ńkọ́?
- Kí ni mo máa rí lóru tí mi ò gbọ́dọ̀ dúró di àárọ̀, ta ni mo sì máa pè?

Ìbéèrè kejì yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń fò. Ẹ wo jẹjẹrẹ ajá kan tí wọ́n ń pè ní lymphoma, èyí tó máa ń mú kí kókó yọ lọ́rùn àti lẹ́yìn orúnkún. Láìsí ìtọ́jú, ọ̀pọ̀ ajá tó bá ní in kì í lò ju oṣù kan sí méjì lọ. Pẹ̀lú àkópọ̀ oògùn tí wọ́n ń pè ní CHOP, nǹkan bí ìdajì wọn ló máa ń lò tó ọdún kan. Èyí tó ń lọ pátápátá tí kò sì padà wá mọ́ ṣọ̀wọ́n. Ìwọ̀n oògùn tí wọ́n ń fún ẹran náà sì rọra ju ti èèyàn lọ, torí pé kó lè gbádùn ìyókù ayé rẹ̀ ni wọ́n ń wá. Irun ọ̀pọ̀ ajá kì í re, ọ̀pọ̀ kì í sì bì bí èèyàn ṣe máa ń bì. Ẹni tó bá lọ síbẹ̀ tó ń retí kó sàn pátápátá máa rò pé wọ́n tan òun jẹ. Ẹni tó bá mọ̀ pé ọdún kan tó dùn lòun ń rà, á mọ bóyá òun fẹ́ rà á.

Ọ̀rọ̀ owó: ẹ má tijú. Ẹ sọ iye tí agbára yín ká kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣe tán. Dókítà tó mọṣẹ́ á tò ó fún yín: èyí tó gbọ́dọ̀ jẹ́ òní, èyí tó lè dúró, èyí tí a lè fò. Ní ilé ìwòsàn kan tí a kọ́kọ́ lọ, wọ́n ní ká san owó àwòrán inú, a san án, wọ́n ya á, kò sì sẹ́ni tó sọ ohun tí wọ́n rí níbẹ̀ fún wa. Láti ọjọ́ yẹn, kí n tó san owó àyẹ̀wò kankan ni mo ti máa ń béèrè pé: èsì rẹ̀, kí ló máa yí padà nínú ohun tí a máa ṣe fún un? Bí ìdáhùn bá jẹ́ pé kò yí nǹkan kan padà, mo fi owó náà ra oògùn.

Bí ọkàn yín ò bá balẹ̀, ẹ gba èsì àyẹ̀wò yín kí ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà mìíràn. Ẹ̀tọ́ yín ni, kì í ṣe ìwọ̀sí fún ẹnikẹ́ni.

Àìsàn tó ń sáré àti èyí tó ń rìn

Àwọn kan wà tó jẹ́ pé wákàtí lẹ ní. Parvo nínú ọmọ ajá (àìsàn tó ń mú kó máa bì kó sì máa yàgbẹ́ ẹ̀jẹ̀), ikùn ajá ńlá tó wú lójijì tó sì lọ́ pọ̀, ìtọ̀ tó dí mọ́ akọ ológbò nínú. Ẹ gbọ́ ti èyí tó kẹ́yìn yìí dáadáa, torí ó máa ń tan èèyàn jẹ: ológbò náà á máa lọ á máa bọ̀ nídìí ibi tó ti ń tọ̀, á máa lóṣòó, á máa fún ara rẹ̀, ẹ ó sì rò pé ìgbẹ́ ló há a. Bí ìtọ̀ ò bá jáde, ikú lè dé láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ẹ má ra oògùn ìyàgbẹ́, ẹ gbé e lọ.

Ní ti parvo, ohun tó ń gba ọmọ ajá là ni omi tí wọ́n ń fà sí i lára, oògùn tó ń dá èébì dúró, àti oògùn apakòkòrò tí kì í jẹ́ kí ìdọ̀tí inú ìfun tó ti bó ráyè wọnú ẹ̀jẹ̀. Ara rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló máa lé àìsàn náà jáde. Èyí tí wọn ò tọ́jú, púpọ̀ ló ń kú. Èyí tó tètè dé ilé ìwòsàn, púpọ̀ ló ń yè. Ọmọ ajá tó ń bì tó sì ń yàgbẹ́ ẹ̀jẹ̀ níwájú yín báyìí ò lè dúró kí ẹ ka èyí tán.

Àwọn mìíràn jẹ́ èyí tí ẹ máa bá gbé: kíndìnrín, àtọ̀gbẹ, ọkàn tó ti ń rẹ̀. Wọ́n máa ń pín ti kíndìnrín sí ìpele 1 dé 4. Ẹ bèèrè ìpele tí tiyín wà, torí ìgbé ayé ẹran tó wà ní ìpele kejì yàtọ̀ pátápátá sí ti ẹ̀kẹrin. Kí ẹ má sì dá ara yín lẹ́bi pé ẹ ò tètè mọ̀: nígbà tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí gbogbo èèyàn ń ṣe bá fi máa fi í hàn, nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin agbára kíndìnrín ti lọ. Àtọ̀gbẹ ológbò ní ìrètí tirẹ̀. Tí wọ́n bá tètè mú un, tí ẹ ò sì ṣeré pẹ̀lú abẹ́rẹ́ àti oúnjẹ rẹ̀, àwọn kan máa ń dé ibi tí wọn ò ti nílò insulin, abẹ́rẹ́ àtọ̀gbẹ, mọ́.

Àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé ohun tí ẹ gbọ́ nípa wọn tẹ́lẹ̀ ti di ìtàn. FIP, àìsàn tó máa ń kún ikùn ọmọ ológbò lómi, ikú ni láyé àtijọ́, kò sí àní-àní. Láti ọdún 2019 tí iṣẹ́ ìwádìí lórí oògùn GS-441524 ti jáde, ọjọ́ 84 ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń lò ó, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó sì lò ó ló ń yè. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá ní "kò sóhun tí a lè ṣe sí i," ẹ bi í pé ìgbà wo ló ti mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìwé kékeré kan àti bíírò kan

Fóònù dára, ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn ìwé tí a so bíírò mọ́, tó wà lójú kan tí gbogbo ará ilé ti lè rí i. Ojoojúmọ́ la máa ń kọ ọ́: ohun tó jẹ àti bó ṣe pọ̀ tó, omi, èébì, ìgbẹ́, ìtọ̀, oògùn àti aago tí a lò ó, àti iye tó ń mí. Lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀: ìwọ̀n rẹ̀. Ẹ gbé e, ẹ bọ́ sórí ìwọ̀n. Ẹ gbé e sílẹ̀, ẹ tún bọ́ sí i. Ẹ yọ èkejì kúrò nínú èkínní. Ológbò tó jẹ́ kílò 4, bí ìdajì kílò bá lọ lára rẹ̀, ojú lè má rí i, ìwé á rí i.

Èémí ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ọ́n kà jù lọ, pàápàá bó bá jẹ́ ọkàn tàbí ẹ̀dọ̀fóró ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ẹ jẹ́ kó sùn fọnfọn. Ẹ jókòó síbi tí ẹ ti ń rí ìhà rẹ̀. Àyà gòkè, àyà sọ̀ kalẹ̀: oókan nìyẹn. Ẹ kà á fún ìṣẹ́jú-àáyá 30, kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Bó bá ń lálàá lọ́wọ́, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ta, tí ojú ń yí nínú ìpéǹpéjú, ẹ má kà á, ẹ dúró kó kọjá. Ajá tàbí ológbò tó ń sùn ò yẹ kó mí ju ìgbà 30 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Ọ̀pọ̀ wọn ò tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Bó bá kọjá ọgbọ̀n, ẹ tún un kà nígbà tó bá ṣe díẹ̀. Bí kò bá wálẹ̀, dókítà gbọ́dọ̀ gbọ́ lọ́jọ́ náà, kó tó di pé ó ń la ẹnu mí.

Ìkejì ni èrìgì. Ẹ gbé ètè rẹ̀ sókè nígbà tí ara rẹ̀ ṣì yá díẹ̀ kí ẹ lè mọ àwọ̀ tirẹ̀. Ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́, á funfun. Ẹ gbé ìka kúrò, pupa rẹ̀ gbọ́dọ̀ padà kí ìṣẹ́jú-àáyá méjì tó pé. Èrìgì tó funfun bí bébà, tó rí bí aró, tàbí tó pọ́n bí àtàrí iná kì í ṣe ohun tí a ń fi di ọ̀la. Bí èrìgì ajá yín bá dúdú láti ìbí, ẹ fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀, kí ẹ wo inú ibẹ̀.

Ìgbóná ara wọn ju tiwa lọ: 38 sí 39.2 lórí òṣùwọ̀n Celsius kì í ṣe ibà. Imú gbígbẹ kò sọ nǹkan kan, ẹnikẹ́ni tó bá sọ fún yín pé ó sọ, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun tí ọ̀rọ̀ ò lè ṣàpèjúwe, ẹ ya fídíò rẹ̀. Ikọ́, gìrì, ìrìn tó ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ́. Ẹran kì í ṣe é níwájú dókítà láéláé.

Oògùn

Àárọ̀ ọjọ́ kan, mo fún Tanímọ̀la ní oògùn tí kì í jẹ́ kó bì. Nígbà tí mo ń wẹ̀, ìyàwó mi náà jí, ó fún un. Orí kó wa yọ pé oògùn náà kò le. Dókítà ní ká kàn máa wò ó. Ká ní insulin ni, ọ̀tọ̀ lohun tí mi ò bá máa kọ níbí. Òfin tí a wá gbé kalẹ̀ nìyí: ẹni tó bá fún un ló máa fàmì sí ìwé kó tó kúrò níbẹ̀, bí kò bá sí àmì, ẹ bèèrè kí ẹ tó fún un, bí ẹ ò bá rẹ́ni bi, tó sì jẹ́ insulin, ẹ fo ìyẹn. Ẹ̀ẹ̀kan tó fò kì í sábà ṣe nǹkan. Ẹ̀ẹ̀mejì lè pa á.

Oníhóró: fún ajá, ẹ ṣe ègé mẹ́ta nínú oúnjẹ rírọ̀ tó fẹ́ràn. Èkínní kò ní nǹkan kan nínú, èkejì loògùn wà, ẹ̀kẹta kò ní. Ẹ jù ú sí i tẹ̀léra-tẹ̀léra, kó máa sáré gbé èkejì mì kí ẹ̀kẹta má bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Fún ológbò, ẹ fi táwẹ̀lì wé e kó ku orí. Ẹ jókòó sẹ́yìn rẹ̀, kí òun náà kọ ẹ̀yìn sí yín. Ológbò tó bá ń wo ojú yín ti mọ ohun tí ẹ fẹ́ ṣe. Ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka àárín di egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ mú láti òkè, ẹ gbé imú rẹ̀ sókè, àgbọ̀n ìsàlẹ̀ á tú fúnra rẹ̀. Ẹ sọ oògùn sí ìdí ahọ́n, ní àárín gbùngbùn. Ẹ pa ẹnu dé, ẹ fọwọ́ ra ọ̀fun rẹ̀ wálẹ̀. Nígbà tó bá fi ahọ́n lá imú, ó ti gbé e mì. Ó kù kan: ẹ fi síríǹjì tí kò ní abẹ́rẹ́ rọra kán omi bíi mílílítà 5 sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu. Oògùn gbígbẹ tó há sọ́nà ọ̀fun ológbò, pàápàá oògùn apakòkòrò tó ń jẹ́ doxycycline, lè jó ibẹ̀ títí ojú ọ̀nà á fi sún kì.

Insulin ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Ìgò tí wọ́n kọ U-40 sí lára (bí oògùn inú rẹ̀ ṣe ki tó nìyẹn), síríǹjì U-40 ni a fi ń fà á; bí ẹ bá fi ti U-100 fà á, ìwọ̀n á ṣì. Ẹ wo ara ìgò àti ara síríǹjì lójoojúmọ́ títí yóò fi mọ́ yín lára, kí ẹ sì tún máa wò ó lẹ́yìn ìyẹn. Bí kò bá jẹun, ẹ pe dókítà kí ẹ tó gún un. Bó bá ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ́ bí ọ̀mùtí lẹ́yìn abẹ́rẹ́, ẹ fi oyin tàbí omi ṣúgà pa èrìgì rẹ̀ kí ẹ máa gbé e lọ.

Oògùn oní-steroid bíi prednisolone àti ti wárápá bíi phenobarbital, a kì í já wọn lójijì, bó ti wù kí ara rẹ̀ yá tó.

Ẹ má fi oògùn tiyín tọ́jú rẹ̀. Paracetamol ń ba ẹ̀jẹ̀ ológbò jẹ́. Hóró kan péré lè pa á. Ibuprofen ń dá egbò sí ikùn ajá, ó sì ń ba kíndìnrín jẹ́. Àánú ló máa ń mú kí èèyàn fún un, àánú náà ló sì máa ń pa á.

Oúnjẹ

Ibí ni ìjà máa ń wà. Ẹran ò jẹun, gbogbo ilé á kan gógó. Kí ẹ tó bínú, ẹ wò ó: ṣé ó ń sún mọ́ abọ́, tó ń gbóòórùn rẹ̀, tó wá yí orí padà, tó ń lá ètè? Inú ló ń rìn ín. Oògùn èébì ló nílò, kì í ṣe oúnjẹ mìíràn. Ẹ má kì í sí i lẹ́nu. Ohun tó bá jẹ nígbà tí inú ń rìn ín, á kórìíra rẹ̀ títí. Oúnjẹ tuntun tí dókítà kọ fún àìsàn rẹ̀, ẹ má tíì gbé e síwájú rẹ̀ lọ́jọ́ tó ń bì.

Ẹ mú oúnjẹ náà lọ́ wọ́ọ́rọ́ kó lè ta sánsán. Abọ́ pẹrẹsẹ fún ológbò. Díẹ̀ díẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹrin sí márùn-ún lójúmọ́.

Ológbò tí kò bá jẹun rárá fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, pàápàá èyí tó sanra, ọ̀rá á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wọ ẹ̀dọ̀ rẹ̀, ìyẹn sì jẹ́ àìsàn ńlá mìíràn lórí èyí tó wà nílẹ̀. Bí dókítà bá dábàá kí wọ́n fi ọ̀pá oúnjẹ sí i lọ́rùn, ẹ má sá. Ó burú lójú, ṣùgbọ́n ológbò kì í kà á sí, ẹ ó sì lè máa gba ibẹ̀ fún un ní oúnjẹ, omi àti oògùn láìsí ìjàkadì kankan.

Nínú ilé

Ẹ fi nǹkan tí kì í yọ̀ tẹ́ ilẹ̀ tó ń gbà kọjá. Omi àti ibùsùn rẹ̀ kó sún mọ́ra. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ohun tó rí bí àrọ tí wọ́n fi sí i lọ́rùn kò gbọ́dọ̀ kúrò títí wọ́n á fi yọ òwú, ọjọ́ 10 sí 14. Ojú àánú tó ń wò yín yẹn, ẹ má dá a lóhùn. Fún parvo, ẹ kọ́kọ́ fọ ìgbẹ́ kúrò pátápátá, kí ẹ tó da bleach ìwọ̀n kan sínú omi ìwọ̀n 30, kí ó wà nílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kòkòrò náà lè wà nínú ilẹ̀ fún oṣù púpọ̀, nítorí náà ẹ má mú ọmọ ajá tí kò tíì gba abẹ́rẹ́ àjẹsára wọ inú ọgbà yẹn.

Ìbọ̀wọ́ fún ìgbẹ́ àti ìtọ̀ ẹran tó ń gba oògùn jẹjẹrẹ, ó kéré tán fún ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn oògùn kọ̀ọ̀kan. Kí aláboyún má fọwọ́ kàn án rárá. Bí ìwà ẹran bá sì yí padà lójijì, tó ń da itọ́, tí ohùn rẹ̀ yí, tó ń gé nǹkan jẹ, ẹ má tọ́jú rẹ̀ fúnra yín. Ó lè jẹ́ digbòlugi. Ẹ tì í mọ́ ibì kan, kí ẹ pe àwọn tó mọ̀ ọ́n mú. Bó bá ti gé ẹnì kan jẹ, kí ẹni náà fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú egbò fún ìṣẹ́jú 15, kó sì lọ gba abẹ́rẹ́ lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú rẹ̀

Ẹnì kan á sọ fún yín pé "ajá lásán ni." Ẹ má bá a jiyàn, agbára yẹn ní ibi tó ń lọ. Ẹ wá ẹnì kan tí kì í sọ bẹ́ẹ̀, kó jẹ́ òun lẹ máa pè.

Ẹ pín òru. Ẹnì kan kì í dá ṣọ́nà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó má dojú rú. Mo gbìyànjú rẹ̀, ọ̀sẹ̀ kejì ni mo jágbe mọ́ ajá tí ara rẹ̀ ò yá nítorí pé ó tọ̀ sílẹ̀. Ó wò mí. Mi ò tíì gbàgbé bó ṣe wò mí. Ọjọ́ kejì ni àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ sí í wá sùn lọ́dọ̀ wa lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Bí ẹnì kan bá bi yín pé kí lòun lè ṣe, ẹ má sọ pé "ẹ ṣeun, kò sí." Ẹ fún un ní ọjọ́ àti wákàtí.

Ọmọdé inú ilé ti mọ̀ pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀. Ẹ sọ orúkọ àìsàn náà fún un, ẹ fún un níṣẹ́ kékeré kan, bíi kó máa kọ iye omi sílẹ̀.

Láti mọ̀ bóyá ó ń jẹ̀rora, àti bóyá ó ti tó

Ẹran kì í sábà ké nítorí ìrora. Ológbò á kàn dákẹ́, á lọ jókòó sí kọ̀rọ̀. Ní ọdún 2019, àwọn onímọ̀ ní Université de Montréal gbé òṣùwọ̀n kan jáde tí ẹ lè fi wo ojú ológbò: etí (ṣé ó ti là sẹ́gbẹ̀ẹ́?), ojú (ṣé ó ń kán an pọ̀?), imú òun ẹnu (ṣé ó le?), irun ẹnu (ṣé ó nà gbọnrangandan?), orí (ṣé ó ti rẹlẹ̀ ju èjìká lọ?). Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń gba 0, 1 tàbí 2. Bó bá pé 4 nínú 10, ó nílò oògùn ìrora. Ajá tiẹ̀ máa ń mí lókèlókè nígbà tí kò gbóná, á máa dìde á máa dùbúlẹ̀ láìrí ibi tó tù ú lára.

Dókítà Alice Villalobos, oníṣègùn jẹjẹrẹ ẹran ní Amẹ́ríkà, ní ọ̀nà kan tí ọ̀pọ̀ dókítà ń lò. Ohun méje ni: ìrora, ebi, omi ara, ìmọ́tótó, ìdùnnú, ìrìn, àti bóyá ọjọ́ tó dára ju èyí tó burú lọ. Ẹ fún ìkọ̀ọ̀kan ní 0 dé 10. 10 ni èyí tó dára jù. Bí àròpọ̀ bá ju 35 lọ, ìgbé ayé rẹ̀ ṣì ṣeé bá lọ. Kí ará ilé kọ̀ọ̀kan ṣe tirẹ̀ lọ́tọ̀ kí ẹ tó fi wé ara wọn. Ní tiwa, mo fún un ní 44, ìyàwó mi fún un ní 31. A jókòó ti ìwé méjèèjì yẹn fún ìgbà pípẹ́.

Kàlẹ́ńdà ló là á. Láti ìbẹ̀rẹ̀ la ti ń fi àmì sí i lálaalẹ́: òdo fún ọjọ́ tó dára, àgbélébùú fún èyí tí kò dára. Ẹ yan ohun mẹ́ta tó fẹ́ràn jù nígbà tí ara rẹ̀ ṣì dá. Ti Tanímọ̀la ni kó pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà, kó jẹ oúnjẹ àárọ̀ rẹ̀, kó yí gbirigbiri nínú koríko. Ọjọ́ tó bá ṣe méjì nínú rẹ̀ dára. Bí ẹ bá bi mí ní oṣù tó kẹ́yìn, mo lè búra pé ọjọ́ búburú ò ju mẹ́rin lọ. Mọ́kànlá ló wà lára ògiri, méje nínú rẹ̀ sì tẹ̀léra.

Ẹ bi dókítà pé: ká ní tiyín ni, kí lẹ máa ṣe? Ọ̀pọ̀ wọn ò ní sọ ọ́ àfi tí ẹ bá bi wọ́n.

Ọjọ́ náà

Ẹ san owó, ẹ fọwọ́ sí ìwé, ẹ pinnu ohun tí ẹ máa ṣe sí òkú rẹ̀ kí abẹ́rẹ́ tó wọlé. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ ò ní fẹ́ bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ owó. Ẹ bèèrè bóyá dókítà lè wá sílé. Kí ẹ ní kó kọ́kọ́ gún un ní abẹ́rẹ́ tó ń mú ara balẹ̀. Á sùn lọ lọ́wọ́ yín láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Lẹ́yìn náà ni èkejì, pentobarbital, tó ń wọ iṣan ẹ̀jẹ̀. Oògùn akunnilóorun ni òun náà, ó pọ̀ ju ohun tí ara lè gbà lọ ni. Ọkàn á dúró, kì í sábà ju ìṣẹ́jú kan tàbí méjì lọ.

Ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi tẹ́lẹ̀: ojú rẹ̀ kì í pa dé. Ó lè mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lẹ́yìn tí ọkàn ti dúró, iṣan rẹ̀ lè máa fò, ó sì lè tọ̀ sílẹ̀. Kò jí. Ẹ tẹ́ nǹkan sábẹ́ rẹ̀. Bí ẹ ò bá lè dúró wò ó, ẹ jáde, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìyẹn bú yín. Ṣùgbọ́n kí ẹnì kan tó mọ̀ wà níbi orí rẹ̀.

Oògùn náà kì í kúrò nínú òkú. Igún tàbí ajá mìíràn tó bá hú u jẹ lè kú. Kòtò náà gbọ́dọ̀ jìn tó mítà kan ó kéré tán, kó jìnnà sí kànga, tàbí kí ẹ jẹ́ kí wọ́n sun ún. Abẹ́rẹ́ tó ṣẹ́kù, ẹ kó o sínú ike líle kí ẹ dá a padà fún dókítà pẹ̀lú oògùn tí ẹ ò lò tán. Ẹ má dà á sínú ilé ìgbẹ́.

Ẹ má sọ fún ọmọdé pé "ó lọ sùn." Á bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù oorun tirẹ̀. Ẹ sọ pé ó kú.

Bí ẹran mìíràn bá wà nílé, ó lè máa wá a kiri, kó má jẹun dáadáa fún ọjọ́ díẹ̀. Ẹ fi í sórí aago tó ti mọ̀: oúnjẹ ní àkókò rẹ̀, ìrìn ní àkókò rẹ̀. Bí kò bá jẹ nǹkan kan fún ọjọ́ méjì, ẹ ṣí ìwé tuntun fún òun náà, kí ẹ kọ ìwọ̀n rẹ̀ sí i, kí ẹ pe dókítà.